Kí Jímọ̀ Tó Dé

Ẹ̀wù funfun ni Mutala wọ̀ dé ṣọ́ọ̀bù Sherifa aránṣọ ní àdúgbò Nima, apá rẹ̀ ò kọjá ìgbọ̀nwọ́. Ẹ̀rín pa aránṣọ.

"Bọ̀dá, ṣé ẹ̀wù àbúrò yín kọ́ rèé?"

"Láàbù ọsibítù tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ni wọ́n ti fún mi. Ẹ gbà mí, Sister."

"Ẹ gbé apá sókè." Ó fa téèpù yọ lọ́rùn, ó wọ̀n ọ́n. Kò wọn ọkùnrin kan pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ẹ̀wù parí, Mutala ò parí. Ojoojúmọ́ ló ń yà. Ó máa ń ròyìn awọ fẹ́lẹ́ kan tó máa ń yẹ̀ wò ní láàbù, tó yí ọ̀nà omi ọmú ká, tí Ọlọ́run fi purotéènì hun. Bí awọ náà bá wà digbí, jẹjẹrẹ tó wà nínú rẹ̀ ò ráyè jáde. Bó bá ya, ó di kó máa rìn káàkiri ara.

"Láínì ni nígbà yẹn, aṣọ tá a máa ń rán sínú ẹ̀wù," ni Sherifa wí.

Láti ọjọ́ náà ni Mutala ti ń pè é ní Ọ̀jọ̀gbọ́n mi.

Àṣé ọ̀rọ̀ ń bọ̀ wálé. Sherifa bá kókó lọ́mú òsì. Dókítà gé díẹ̀ níbẹ̀ ránṣẹ́ sí láàbù Mutala gan-an.

"Ìwọ fúnra ẹ ni kó o yẹ̀ ẹ́ wò," Sherifa bẹ̀ ẹ́.

Ṣùgbọ́n èèwọ̀ iṣẹ́ wọn ni, ẹnìkan kì í yẹ ti èèyàn rẹ̀ wò. Olúfúnṣọ́, ẹnìkejì rẹ̀ níbi iṣẹ́, ló gbé e fún.

"O ti ń sá fún mi!" Sherifa ò gbé fóònù rẹ̀ mọ́. Ó dá a lójú pé bí awọ náà bá ti ya, kò sẹ́ni tó máa fẹ́ òun.

Lọ́jọ́ Àlàmísì, Mutala àti Àlàájì Bùràímọ̀, àbúrò bàbá rẹ̀, gbé obì gòrò wọlé ìyá Sherifa. Wọ́n wá tọrọ ọmọ.

Sherifa sáré jáde. "Chale, ọ̀rẹ́ mi, ọ̀la Jímọ̀ lèsì máa jáde. O ò lè dúró ni?"

"Torí ọ̀la ni mo ṣe wá lónìí." Mutala sún mọ́ ọn. "Ká ní èmi ni mo wò ó, ohun tí mo fẹ́ rí ni ǹ bá rí. Ṣùgbọ́n mi ò nílò èsì kankan kí n tó fẹ́ ẹ, olólùfẹ́ mi."

Sherifa sunkún dáadáa. Lẹ́yìn náà, ó fa téèpù yọ lọ́rùn.

"Gbé apá sókè."

Nígbà tí dókítà pè lọ́jọ́ Jímọ̀ pé jẹjẹrẹ ni lóòótọ́, pé wọ́n máa ṣiṣẹ́ abẹ, ṣùgbọ́n pé awọ náà ò tíì ya, ìdí máṣíìnì ni ìpè náà ti bá Sherifa. Ó ń rán láínì sínú ẹ̀wù ọkọ ìyàwó.