Àmì Ẹ̀yìn Òkúta

Ọkùnrin náà so rọ̀ sára ògiri bí aṣọ tí wọ́n sá sílẹ̀. Okùn wà ní ìbàdí rẹ̀, odò ń ṣàn gbuurugbu lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń fi ṣọ́ọ̀kì funfun kọ nọ́ńbà sára òkúta lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ń kọrin. Orin náà kò dùn rárá. Ohun tó mú kí obìnrin ayàwòrán tó wà lórí títì dúró wò ó gan-an nìyẹn, nítorí ẹni tó so rọ̀ sórí odò tó tún ń kọrin burúkú báyẹn, ọkàn rẹ̀ ní láti balẹ̀ ju ti àwa yòókù lọ.

Ó fara ti ògiri kúkurú etí títì kó lè rí i dáadáa. Bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀ ni pẹ́ńsù tó fi sẹ́yìn etí bá já bọ́, ó di orí akoto ọkùnrin náà.

"Yéè! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú!"

Ọkùnrin náà gbójú sókè. "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lókè yẹn, ṣé orin mi lẹ fẹ́ pa ni, àbí èmi gan-an?"

"Orin yẹn nìkan ni."

Ó rẹ́rìn-ín títí okùn fi ń mì. Obìnrin náà padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò rántí ohun tó fẹ́ yà mọ́.

Ọ́fíìsì tó ń tọ́jú ilé àtijọ́ ìlú ló gbà á síṣẹ́. Òun ni yóò ya gbogbo ohun tó wà létí odò sínú ìwé kí àtúnṣe tó bẹ̀rẹ̀. Ó ya àwọn ilé ẹrù tí orí ẹnu ọ̀nà wọn tẹ̀ bí òṣùmàrè, ó ya òrùka irin tí wọ́n ń so ọkọ̀ mọ́ láyé ọjọ́un, ó sì ya òpó òkúta tí wọ́n fín ilà sí láti fi mọ ibi tí omi kún dé lọ́dún kọ̀ọ̀kan. Ilà tó ga jù lọ ga ju orí rẹ̀ lọ. Lẹ́yìn ọdún yẹn ni wọ́n mọ ògiri tó di títì mú kí odò má baà gbé e lọ. Bàbá rẹ̀ wà lára àwọn bíríkìlà tó mọ ọ́n.

Ilé wọn dojú kọ ògiri náà. Láti ìgbà tó ti mọ ẹsẹ̀ rìn ni bàbá ti kà á léèwọ̀ fún un láti tẹ àtẹ̀gùn tó sọ̀ sódò. "Odò kì í ṣe ọ̀rẹ́ ẹnikẹ́ni," ni bàbá máa ń wí. Ó ti pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún báyìí, kò sì tíì tẹ̀ ẹ́ rí. Nítorí náà, orí títì ló dúró sí tó fi ń ya ògiri, ó ń bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀, ó ń ju okùn ìwọ̀n sísàlẹ̀, ó ń kọ gígùn àti gíga òkúta kọ̀ọ̀kan sínú ìwé.

Ògiri ọ̀hún ti wú síta bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹni tí eyín ń dùn. Bíríkìlà olórin burúkú yìí ni wọ́n gbà láti yọ òkúta méjìlélọ́gọ́ta kúrò níbẹ̀, kó la ihò tí omi ń gbà jáde, kó sì dá òkúta kọ̀ọ̀kan padà síbi tó ti yọ ọ́. Ìdí tó fi ń kọ nọ́ńbà nìyẹn. Ọ̀dà ló fẹ́ fi kọ ọ́, ayàwòrán ló ní ọ́fíìsì kò gbà, pé ọ̀dà máa ń ba òkúta àtijọ́ jẹ́.

Ní ọjọ́ kejì, pẹ́ńsù tún já bọ́. Ní ọjọ́ kẹta ńkọ́? Ó já bọ́.

"Onípẹ́ńsù," ni bíríkìlà pè é nígbà tó gòkè wá dá a padà, "ṣé etí yín ni ò lágbára ni?"

"Ọ̀gá Ṣọ́ọ̀kì, kò sóhun tó ṣe etí mi."

"Ẹ jẹ́ n bá yín di í mú nígbà náà."

Bí ọ̀rọ̀ wọn ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ayàwòrán ń fi ilé ẹrù hàn án, ó ń sọ ẹni tó kọ́ ọ àti ohun tí wọ́n kó síbẹ̀. Bíríkìlà ń kọ́ ọ bí a ṣe ń fi òòlù kan òkúta láti gbọ́ bóyá inú rẹ̀ ti sán. Kó tó di pé oṣù kan pé, "ẹ" ti di "o" láàárín wọn, ọ̀gbẹ́ni yìí sì ti ń béèrè ìgbà tí òun lè wá kí bàbá.

Bàbá kò jẹ́ kó jókòó.

"Ìwọ lo ní ògiri mi ò dáa?"

"Ògiri yín dáa, Bàbá. Àwọn kan ló fi sìmẹ́ńtì dí ihò tẹ́ ẹ fi sílẹ̀ fún omi. Omi ló há sẹ́yìn ẹ̀."

"Ìwọ lo sọ bẹ́ẹ̀." Bàbá yíjú sí fèrèsé, níbi tó ti ń wo ògiri náà láti ogójì ọdún. "Gbọ́. Tó o bá dá gbogbo òkúta yẹn padà síbi tí mo fi wọ́n sí, láìfọ́ ọ̀kan, wá kanlẹ̀kùn mi ká sọ̀rọ̀ ọmọ mi. Tí ẹyọ kan bá ṣìnà, má jẹ̀ẹ́ kí n rí ẹsẹ̀ ẹ níbí mọ́."

Ayàwòrán wà nínú kíṣìnnì, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó mọ bàbá rẹ̀: ọ̀rọ̀ tó bá ti sọ, kì í pa á dà.

Bíríkìlà yọ òkúta náà tán, ó tò wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ títì, nọ́ńbà wọn kọjú sókè. Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, òjò dé. Òjò náà kò rọ̀ ju wákàtí kan lọ. Nígbà tó dá, gbogbo òkúta mọ́ tónítóní, kò sí nọ́ńbà kan lára wọn.

"Omi ló dànù, agbè ò fọ́," ni ayàwòrán wí. "Ìwé mi ṣì wà. Mo kọ ìwọ̀n gbogbo wọn."

Wọ́n wọn òkúta, wọ́n bá ti inú ìwé wéra, wọ́n rí ti ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n nígbà tí bíríkìlà tò wọ́n, àárín dọ́gba, etí méjèèjì kọ̀. Níbi tó yẹ kí wọ́n ti wọnú ògiri àtijọ́, lápá kan òkúta gùn jù, lápá kejì ihò ṣẹ́ kù. Wọ́n tú u, wọ́n tún un tò. Ọjọ́ mẹ́ta.

"Ta ló ní kí n fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́?" ni bíríkìlà bú jáde.

"Ọ́fíìsì ni."

"Ọ́fíìsì wo? Ṣé kì í ṣe ìwọ ni ọ́fíìsì?"

Ayàwòrán ká ìwé rẹ̀, ó kọjá lọ sílé, omi lójú rẹ̀. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ yẹn ló dùn ún tó bẹ́ẹ̀. Ó rí i pé òun yóò pàdánù ọkùnrin yìí, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ òun náà ni iṣẹ́ ọ̀hún ti bàjẹ́.

Bàbá wà lójú fèrèsé. Ó ti ń wò wọ́n láti ọjọ́ mẹ́ta.

"Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú," ni bàbá wí. "Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ibo lo dúró sí nígbà tó ò ń ya ògiri yẹn?"

"Lórí títì ni."

"O ò sọ̀ kalẹ̀ lọ wò ó lójúkojú?"

"Ẹ ò jẹ́ kí n sọ̀ kalẹ̀ rí, Bàbá."

Bàbá nawọ́ sí ìwé ọwọ́ rẹ̀. Ó gba ìwé náà, ó yí ojú rẹ̀ sí odò, ó sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ gíláàsì fèrèsé. Oòrùn là á kọjá, àwòrán sì yọ láti ẹ̀yìn ìwé: ohun tó wà lọ́wọ́ òsì ti bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tún.

"Ojú omi la ti ń wo ògiri odò," ni bàbá wí. "Ohun tó wà lọ́wọ́ òsì ẹ lórí títì, ọwọ́ ọ̀tún ògiri ló wà. Kì í ṣe ẹ̀bi ẹ nìkan. Tèmi náà wà níbẹ̀."

Ayàwòrán kò dúró gbọ́ ìyókù. Ó já ìwé náà gbà, ó sáré kọjá títì, ó dé orí àtẹ̀gùn tí kò tẹ̀ rí láyé rẹ̀, ó sì ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ìsàlẹ̀ ni bíríkìlà jókòó sí, ó fọwọ́ lérán. Nígbà tó rí i, ó fò dìde.

"Rọra, Onípẹ́ńsù mi! Ibẹ̀ ń yọ̀!"

"Dì mí mú nígbà náà!"

Ó dì í mú. Ayàwòrán fi ẹ̀yìn ìwé hàn án, bíríkìlà wò ó, ó tún wò ó, ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní kó má bínú sóhun tí òun sọ. Ara àwọn méjèèjì wá rọ̀ wọ̀ọ̀.

Láti ọjọ́ yẹn, òkúta ń wọlé lọ bí ọwọ́ ṣe ń wọ àpò. Bíríkìlà máa ń fọ ẹ̀yìn òkúta kọ̀ọ̀kan kó tó gbé e sípò. Lára òkúta kẹtàdínlógún, amọ̀ tó gbẹ mọ́ ọn bọ́ kúrò, ó sì rí nǹkan kan. Ó pe ayàwòrán wá.

Òòlù kékeré kan ni wọ́n fín síbẹ̀. Ayàwòrán mọ̀ ọ́n, àmì tí bàbá rẹ̀ fín sí èèkù gbogbo irin iṣẹ́ rẹ̀ ni. Òòyà kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òòlù náà. Onídìrí ni ìyá rẹ̀ kó tó kú.

Nígbà tó gbójú sókè, bàbá wà lórí àtẹ̀gùn, ó ń fi ọ̀pá wá ọ̀nà.

"Ọ̀sẹ̀ tí ìyá ẹ gbà láti fẹ́ mi ni mo fín in," ni bàbá wí. "Ẹ̀yìn la máa ń fi í sí. Mo rò pé wọ́n á fọ́ ọ ni nígbà tí wọ́n bá tú ògiri. Ìdí tí mo fi bínú nìyẹn, kì í ṣe ìgbéraga." Ó wo bíríkìlà. "Ó dáa, ìgbéraga wà níbẹ̀ díẹ̀."

Bíríkìlà gbé òkúta náà tẹ̀sọ̀tẹ̀sọ̀, ó fi í sí ààyè rẹ̀. Bàbá fọwọ́ pa etí rẹ̀ yípo, kò rí ibi tó ṣí. Ó mí kanlẹ̀.

"Mi ò tíì kanlẹ̀kùn yín, Bàbá," ni bíríkìlà wí. "Ó ṣì ku òkúta márùnlélógójì."

"Èmi ni mo wá bá ẹ, kò sí ìlẹ̀kùn níbí." Bàbá ti ọwọ́ bọ àpò, ó yọ irin ìfínkùúta kan tí èèkù rẹ̀ ti dán. "Òkúta kejìdínlógún tó kàn án, ẹ̀yìn ẹ̀ ṣófo. Mo ti mọ̀ láti ogójì ọdún pé ó ṣófo."

Bíríkìlà gba irin náà. Kò fín in lójú ẹsẹ̀. Ayàwòrán ló kọ́kọ́ yíjú sí.

"Ṣé kí n fín in?"

Obìnrin náà yọ pẹ́ńsù kúrò lẹ́yìn etí, ó kúnlẹ̀ sórí àtẹ̀gùn, omi ń fọ́ sí i lẹ́sẹ̀. Ó ya pẹ́ńsù kan àti ẹyọ ṣọ́ọ̀kì kékeré kan sẹ́yìn òkúta náà, kí ọkọ rẹ̀ lọ́la lè rí ọ̀nà tí irin rẹ̀ yóò gbà.

"Fín in jinlẹ̀," ló wí. "Òjò ò gbọdọ̀ rí eléyìí fọ̀ dànù."