Kọ́bọ̀ Mẹ́tàlélógún Nínú Omi Òkun

Iyùn tó kẹ́yìn kú ní àárọ̀ Ọjọ́rú. Dúrótìmí Adégbóyè ló bá a bẹ́ẹ̀. Lálẹ́ àná, ó ṣì pupa, ó ń mi ọwọ́ rẹ̀ wẹẹrẹ nínú omi. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó ti funfun bí egungun adìẹ.

Kí ẹ má ṣì mí gbọ́ o. Kì í ṣe iyùn tí ìyàwó ń so mọ́ ọrùn ni mò ń wí. Iyùn tó wà láàyè ni, èyí tó ń gbé inú òkun, tó ń jẹun, tó sì ń dàgbà. Ogún ọdún ni Dúrótìmí fi ṣe ẹnjiníà nínú ọkọ̀ òkun. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, tó kọ́lé sí Fate ní Ìlọrin, ó ní òun ò lè sùn láìrí òkun. Ló bá kan àpótí gíláàsì gbọọrọ kan sínú pálọ̀. Ó ń lọ bu omi iyọ̀ ní Èkó, kẹ́ẹ̀gì kẹ́ẹ̀gì, ó ń kó o wá sí Ìlọrin. Lọ́dún 1994 yẹn, mi ò rò pé ẹlòmíràn ní irú rẹ̀ ní gbogbo ìlú.

Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí nǹkan ti ń kú nínú rẹ̀. Ìgbín òkun ló kọ́kọ́ lọ. Edé tẹ̀ lé e. Iyùn wá ń ká ọwọ́ kò, ó ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan. Dúrótìmí yẹ ohun gbogbo wò. Ó wọn iyọ̀ inú omi, ó pé. Ó wọn ooru rẹ̀, kò gbóná jù. Ó tú pọ́ǹpù tuntun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi rọ́pò ti àtijọ́, ó fọ̀ ọ́, ó tò ó padà. Ó pààrọ̀ gílóòbù. Pàbó ni gbogbo rẹ̀ já sí. Ní Ọjọ́ Ajé ló tó tú asẹ́ omi dé ìsàlẹ̀ pátápátá, ó sì bá àpò kékeré kan níbẹ̀ tí wọ́n fi nẹ́ẹ̀tì rán. Kọ́bọ̀ mẹ́tàlélógún ló wà nínú rẹ̀.

Ẹnì kan ṣoṣo ló ń tọ́jú kọ́bọ̀ nínú ilé náà. Hàúwà ni, obìnrin tó ń bá wọn tún ilé ṣe. Agolo kọ́bọ̀ rẹ̀ wà lórí pẹpẹ ní kíṣìnnì, òun ló fi ń ṣe sàárà lọ́jọ́ Jímọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ọmọ kéú gan-an ti ń kọ kọ́bọ̀ lásìkò yẹn. Dúrótìmí ò bi í ní ìbéèrè méjì. Ó pe ọlọ́pàá. Wọ́n mú Hàúwà lọ, wọ́n sì gba Basheerah, ọmọ rẹ̀ olóṣù márùn-ún, lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n gbé e fún ìyá Hàúwà, torí ọ̀gá àgọ́ ní àtìmọ́lé kì í ṣe ibi ọmọ ọwọ́.

Sájẹ́ǹtì Umar ni ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ tí wọ́n gbé ẹjọ́ náà fún. Ó dé Fate ní agogo mẹ́sàn-án Ọjọ́rú yẹn, ó gbé agolo kọ́bọ̀ àti àpò nẹ́ẹ̀tì náà dání. Husseinat, ìyá Hàúwà, ń tẹ̀ lé e, ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀.

"Umar, agogo méjì ni wọ́n ní àwọn máa gbé e lọ sí kóòtù," ni Husseinat wí. "Láti kóòtù, ẹ̀wọ̀n ni. Ọmọ yìí ò gba fídà láti Ọjọ́ Ajé. Omi ṣúgà ni mò ń fi ṣíbí kán sí i lẹ́nu."

"Ẹ fọkàn balẹ̀, Ìyá."

"Kí n fọkàn balẹ̀ ṣe báwo? Gbọ́ ẹkún ẹ̀. Bó ṣe ń ké lánàá kọ́ ló ṣe ń ké lónìí. Ohùn ń tán lọ lọ́rùn ẹ̀."

Umar gbọ́ ọ. Òótọ́ ni. Ó ní kí ìyá náà jókòó sí fàráńdà, òun wọlé.

Dúrótìmí jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú àpótí gíláàsì. Ojú rẹ̀ ti wú. Ẹ má fi í rẹ́rìn-ín, ẹni tó bá ti fi ọdún mẹ́rin tọ́ nǹkan dàgbà ló máa mọ bó ṣe ń ṣe èèyàn.

"Sájẹ́ǹtì, gbogbo wọn ló pa."

Umar bẹ̀rẹ̀, ó wo inú omi. "Ẹ̀gbọ́n, ẹja mẹ́ta ni mò ń wò yìí. Ara wọn le."

"Ẹja ò ṣe nǹkan kan. Kọ́bọ̀ àtijọ́ yẹn, bàbà ni. Bàbà máa ń yọ́ díẹ̀díẹ̀ nínú omi iyọ̀. Bí ìwọ̀nba bá wà nínú omi, ẹja á fara dà á. Ìgbín, edé, iyùn, wọn ò lè fara dà á."

"Hàúwà mọ èyí?"

"Mo kọ ọ́ síbẹ̀." Dúrótìmí ṣí ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù tó wà lábẹ́ àpótí náà. Ó lẹ ìwé kan mọ́ inú rẹ̀, gbogbo ohun tí kò gbọdọ̀ kan omi náà ló kọ síbẹ̀: ọṣẹ, oògùn ẹ̀fọn, bàbà.

"Gẹ̀ẹ́sì lẹ fi kọ ọ́," ni Umar wí. "Ilé kéú ni Hàúwà lọ. Mo bi í lánàá. Ta ló tún mọ̀?"

"Èmi. Àbdùlgàfárù tó ń bá mi tún ẹ̀rọ ṣe. Ìyàwó mi."

"Kí lẹ fẹ́ fi iyùn wọ̀nyí ṣe gan-an?"

Ojú Dúrótìmí mọ́lẹ̀ díẹ̀. "Mo fẹ́ kan àpótí tó tó mẹ́ta èyí. Ẹ̀rọ ti ń bọ̀ láti Jámánì, èyí tó ń fọ́ ìdọ̀tí omi di ìfófòó tó sì ń dà á nù. Iná rẹ̀ ń bọ̀ pẹ̀lú. Mo fẹ́ sọ yàrá ẹ̀yìn di yàrá ẹ̀rọ." Ó tún sorí kodò. "Kò tún sídìí fún un mọ́. Iyùn ló nílò gbogbo ìyẹn. Ẹja ò nílò ju èyí tó wà nílẹ̀ yìí lọ."

Ọmọ náà ké ní fàráńdà. Ìyàwó Dúrótìmí, Ṣìkẹ́mi, sáré jáde láti kíṣìnnì, ó gbé ife mílíìkì lọ fún Husseinat. Umar gbọ́ tí Husseinat fi orúkọ ọmọ pè é, tó ní, "Kò ní gbà á, Mọ́mì Fèyí. Ọyàn ìyá ẹ̀ ló ń wá."

Wọ́n ránṣẹ́ pe Àbdùlgàfárù ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Táíwò Road. Ó dé pẹ̀lú ìbínú, ó ju àpò irinṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ gbàgà.

"Wọ́n ní ẹ bá Ẹ̀gbọ́n jà," ni Umar wí.

"Mo bá wọn jà. Wọ́n ní pọ́ǹpù tí mo so ló ń pa nǹkan wọn. Wàláhì, pọ́ǹpù yẹn ò ní àbùkù kankan! Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo tú u níwájú wọn."

"Tí ẹ̀rọ òyìnbó bá dé, ẹ̀yin náà lẹ máa so ó?"

"Wọ́n ní àwọn máa mú ẹlòmíì wá láti Èkó." Ó wo ilẹ̀. "Ó dùn mí. N ò purọ́."

"Ẹ ṣí àpò yín kí n wò ó."

Páìpù bàbà wà níbẹ̀, ìgékúrú ìgékúrú. Wáyà bàbà wà níbẹ̀, ó kó jọ bí ìtẹ́ ẹyẹ. Àbdùlgàfárù rí ojú tí Dúrótìmí fi wò ó, ó fò dìde.

"Ẹ jókòó," ni Umar wí. "Àpò yín ti gbè yín. Ẹni tó ní bàbà tó pọ̀ tó báyìí kò ní lọ máa ṣa kọ́bọ̀ nínú agolo obìnrin."

Ó di agogo mọ́kànlá. Umar da kọ́bọ̀ mẹ́tàlélógún náà sórí tábìlì. Ó da ti inú agolo Hàúwà sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ó ń wò wọ́n, kò rí nǹkan kan. Kọ́bọ̀ ni kọ́bọ̀. Ẹkún ọmọ náà dákẹ́ ní fàráńdà, Umar dìde gìrì, ó yọjú síta. Husseinat ń fi ìka kan imú ọmọ náà bóyá ó ṣì ń mí. Ó ń mí. Umar padà jókòó.

Bó ṣe gbójú sókè ló rí nǹkan dúdú kan lára gíláàsì.

"Kí nìyẹn?"

"Mágínẹ́ẹ̀tì ni," ni Dúrótìmí wí. "Ọ̀kan wà nínú, ọ̀kan wà níta. Tí mo bá ń fa tìta, tinú á máa bá a lọ, á máa ha ìdọ̀tí aláwọ̀ ewé kúrò lára gíláàsì."

Umar gba ti ìta. Ó fi kan kọ́bọ̀ mẹ́tàlélógún náà. Kò gbé ẹyọ kan. Ó fi kan àwọn tó ti inú agolo wá. Wọ́n fò mọ́ ọn, gbogbo wọn pátá.

"Àwọn kọ́bọ̀ tuntun yìí, irin ni inú wọn, wọ́n kàn fi bàbà kùn wọ́n lára ni," ni Àbdùlgàfárù wí. "Ti àtijọ́ ló jẹ́ bàbà délẹ̀."

"Tí onírin bá wọ inú omi yìí ńkọ́?"

"Ọjọ́ kejì ni mo máa rí ìpẹtà," ni Dúrótìmí dáhùn.

"Ẹni tó ṣe é mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó fi mágínẹ́ẹ̀tì ṣà wọ́n, ó dá onírin padà sínú agolo. Ẹ̀gbọ́n, ta ló ń lo mágínẹ́ẹ̀tì yìí?"

"Èmi nìkan. Hàúwà ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án."

"Nígbà tẹ́ ẹ lọ bu omi ní Èkó ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, ta ló ń ha gíláàsì?"

Dúrótìmí yíjú sí ọ̀nà kíṣìnnì.

Umar mú àpò nẹ́ẹ̀tì náà, ó tẹ̀ lé ọ̀ọ̀dẹ̀ lọ sí yàrá ẹ̀yìn tí wọ́n fẹ́ sọ di yàrá ẹ̀rọ. Ìyá arúgbó kan jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì níbẹ̀, ojú rẹ̀ ti fọ́. Ìyá Ṣìkẹ́mi ni. Wọ́n ti fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sílẹ̀ yí bẹ́ẹ̀dì náà ká, wọ́n kọ nọ́ḿbà sí i: ibi pọ́ǹpù, ibi táǹkì. Àpò aṣọ arúgbó náà wà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ti dì í.

"Ẹ káàárọ̀, Màmá. Ibo lẹ̀ ń lọ?"

"Wọ́n ní Ìkìrun ni, lọ́jọ́ Sátidé. Ọkọ ọmọ mi ní òun á gbé mi dé Ọ̀fà Garage." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "N ò mọ ẹni tó kù ní Ìkìrun, ọmọ mi. Òrùlé ilé wa gan-an ti wó."

Umar wo fèrèsé. Wọ́n ti gé nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ní igun ìsàlẹ̀, wọ́n sì fi aṣọ lẹ̀ ẹ́, òwú àwọ̀ ewé ni wọ́n fi rán an. Ó gbé àpò náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nẹ́ẹ̀tì kan náà ni. Òwú kan náà ni.

Nígbà tó yíjú padà, Ṣìkẹ́mi ti dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ọkọ rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀. Ìwé gẹ̀ẹ́sì yé e, ó mọ mágínẹ́ẹ̀tì lò, abẹ́rẹ́ rẹ̀ ló rán fèrèsé ìyá rẹ̀. Umar ò tilẹ̀ sọ ìkankan níbẹ̀.

"Mọ́mì Fèyí, agogo méjìlá ti kọjá. Ọmọ yẹn ò ní pẹ́ mọ́."

Ṣìkẹ́mi fi ẹ̀yìn ti ògiri, ó yọ̀ wálẹ̀ títí ó fi jókòó sílẹ̀.

"Èmi ni."

"Ṣìkẹ́mi!" ni Dúrótìmí ké.

"Èmi ni, mo ní! Mo bẹ̀ yín títí, ẹ ò gbọ́. Ẹ ní pọ́ǹpù nílò yàrá. Ẹ fa ìlà ṣọ́ọ̀kì yí ìyá mi ká bí ẹni ń wọn ilẹ̀ sàréè. Ẹ̀yin náà lẹ sọ pé tí kò bá sí iyùn, kò sí yàrá ẹ̀rọ. Mo ṣa kọ́bọ̀ lọ́jọ́ tẹ́ ẹ wà ní Èkó, mo rì í sábẹ́ asẹ́. N ò lè fi nǹkan tó máa pa ẹja. Èmi ni mò ń fún wọn lóúnjẹ."

"Hàúwà ńkọ́?" ni Umar bi í.

Ẹkún gbé e. "Agolo ẹ̀ ló wà nítòsí, n ò ronú kàn án. Mo rò pé wọ́n á tú u sílẹ̀ nírọ̀lẹ́. Ilẹ̀ mọ́, wọn ò tú u sílẹ̀. Lójoojúmọ́ ni mo ní mo máa sọ, ẹ̀rù á tún bò mí. Èmi ni mo kọ́kọ́ gbé ọmọ yẹn nígbà tí wọ́n bí i."

Arúgbó tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì ń na ọwọ́ kiri, ó ń wá ibi tí ohùn ọmọ rẹ̀ ti ń wá. Dúrótìmí ò lè wo ìkankan nínú wọn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí fi bàtà nu ìlà ṣọ́ọ̀kì náà rẹ́.

Agogo méjì ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni wọ́n dé àgọ́. Mọ́tò tó ń lọ sí kóòtù ti ń kùn. Hàúwà ti gbé ẹsẹ̀ kan sínú rẹ̀. Umar fò bọ́ sílẹ̀, ó ń ju ìwé ìjẹ́wọ́ tí Ṣìkẹ́mi fọwọ́ sí lókè, ó ń pariwo kí wọ́n dúró.

Wọ́n dúró. Wọ́n fa Hàúwà sọ̀ kalẹ̀. Omi ọyàn ti rin bùbá rẹ̀ gbingbin. Husseinat gbé ọmọ lé e lọ́wọ́. Basheerah yí orí kúrò lẹ́ẹ̀kan, ó tún yí i kúrò lẹ́ẹ̀kejì. Ìgbà kẹta ló gbá ọyàn mú. Ọlọ́pàá tó di ìbọn mú lẹ́nu géètì ní, "Alhamdulillahi," ó sì kọjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ta ni?" ni Hàúwà bèèrè.

Umar nawọ́ sí bẹ́ńṣì. Ṣìkẹ́mi ló jókòó síbẹ̀, ọlọ́pàábìnrin kan dúró tì í.

"Mọ́mì?" Hàúwà ò tètè gbà á gbọ́. "Kí ni sàbàbí ẹ̀?"

"Wọ́n fẹ́ gba yàrá Màmá," ni Ṣìkẹ́mi wí. Kò gbójú sókè. "Wọ́n fẹ́ dá wọn padà sí Ìkìrun. N ò mọ ibi tí mo lè gbé wọn sí."

Hàúwà sún mọ́ bẹ́ńṣì náà. Ìbínú wà lójú rẹ̀, omijé sì wà níbẹ̀.

"Ẹ̀ bá sọ fún mi," ló wí. "Yàrá méjì la ní lọ́dọ̀ ìyá mi, ọ̀kan ṣófo. À bá ti gbé Màmá sọ́dọ̀."

Ṣìkẹ́mi fi ọwọ́ bo ojú. Hàúwà jókòó sórí àkàbà àgọ́ náà, ó tún ọmọ gbé dáadáa, Basheerah sì ń mu ọyàn lọ.