Kọ́mẹ́ǹtì Tó Da Òróró Sí Máṣíìnì

Omi tíì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hó lórí iná nígbà tí ariwo sọ ní pálọ̀.

"Ìyàwó mi! Sáré wá! Wọ́n ti tún kọ nǹkan sábẹ́ iṣẹ́ rẹ o!"

Aránṣọ ni obìnrin tí wọ́n ń pè yìí. Bí máṣíìnì bá húkọ́ ní yàrá kejì, á sọ ohun tó ń ṣe é láìdìde. Ìmọ̀ yìí ló mú kó ṣí sáìtì kékeré kan sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, níbi tó ti ń kọ́ àwọn aránṣọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú máṣíìnì àtijọ́, irú èyí tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀. Kò sí ọ̀rọ̀ òṣèlú níbẹ̀, kò sí ti bọ́ọ̀lù. Abẹ́rẹ́, òwú àti ọ́ìlì nìkan ni.

Ọkọ rẹ̀ ló ń bójú tó kọ́mẹ́ǹtì, ìyẹn ọ̀rọ̀ tí àwọn tó bá ka iṣẹ́ náà ń kọ sísàlẹ̀. Ilé ìfìwéránṣẹ́ ni ọkọ yìí ti fẹ̀yìn tì. Òǹtẹ̀ ló fi ń lu lẹ́tà níbẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́, ìdí nìyẹn tí àwọn ará àdúgbò fi ń pè é ní Bàbá Òǹtẹ̀. Kí kọ́mẹ́ǹtì kankan tó hàn sí aráyé, ó gbọ́dọ̀ tẹ bọ́tìnnì kan láti fọwọ́ sí i. Ńṣe ló máa ń tẹ̀ ẹ́, gbà, gbà, gbà, bí ẹni tí lẹ́tà ọ̀sẹ̀ kan ti kóra jọ dè.

"Kí ni wọ́n kọ?" Ìyàwó rẹ̀ jáde, ó ń nu ọwọ́.

"Ẹnìkan ní, 'Iṣẹ́ yìí wú mi lórí, ẹ wá ra ìpara tó ń mú kí irun hù.' Òmíràn ní, 'Èmi ni àkọ́kọ́!' Òmíràn ní òun ń wá ìyàwó tó ga, tó sì bẹ̀rù Ọlọ́run."

"Lábẹ́ iṣẹ́ tí mo kọ nípa bẹ́líìtì máṣíìnì?"

"Ìwọ ṣáà wo bí wọ́n ṣe pọ̀! Ọjà tó bá kún lèèyàn ń yà sí."

"Bàbá wa, bí eṣinṣin bá kún ilé, ṣé a máa ní àlejò ló dé?"

Bàbá Òǹtẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ó ń kọ ọ́ sábẹ́ kọ́mẹ́ǹtì kọ̀ọ̀kan pé, "Ẹ ṣeun gan-an, ìmọ̀ràn tó dára ni." Kódà, ó kọ ọ́ sábẹ́ ti ẹni tó ń wá ìyàwó.

"Ọmọlúàbí kì í gbọ́ ìkíni kó dákẹ́," ló wí.

Wọn ò tíì mu tíì náà tán tí ẹnìkan fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbá ìlẹ̀kùn. Àǹtí Funfun ló wọlé. Aránṣọ lòun náà, ní òpópónà kejì. Aṣọ àwọn nọ́ọ̀sì nìkan ló ń rán, ibẹ̀ ló ti gba orúkọ yẹn. Àmọ́ aṣọ tó gbé lọ́wọ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà kì í ṣe funfun mọ́.

"Ẹ káàárọ̀, mà. Ẹ káàárọ̀, sà. Ẹ bá mi wo nǹkan."

Ó na aṣọ náà. Òróró ti ta sí i láti ọrùn dé ìsàlẹ̀, ó rí gátagàta bíi máàpù.

Bàbá Òǹtẹ̀ sún mọ́ ọn, ó fimú fà á. "Kí ló dé tí aṣọ yìí ń rùn bí ẹyin díndín?"

"Ẹ̀yin ló yẹ kí n bi, sà! Sáìtì yín ni mo ti kà á!"

"Sáìtì wa kẹ̀?" Ìyàwó dìde. "Ọ́ìlì máṣíìnì ni mo kọ síbẹ̀. Mo tiẹ̀ ní ẹ̀kán kan péré ní ojú ihò kọ̀ọ̀kan."

"Bẹ́ẹ̀ lẹ kọ ọ́, mà. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni mo dé." Àǹtí Funfun fa fóònù yọ, ó kà á síta: "'Ẹ má fìyà jẹ ara yín. Òróró inú kíṣìnnì ló dáa jù. Mo ti ń lò ó tipẹ́, wọ́ọ́rọ́wọ́ ló ń lọ.' Ọ̀gá-Pátápátá lẹni tó kọ ọ́ pe ara rẹ̀. Ọ́ìlì mi ti tán, òróró sì wà nílé. Mo kọ́kọ́ ń ṣiyèméjì, àmọ́ mo wá rí ohun tí ẹ̀yin fúnra yín fi dá a lóhùn."

"Kí la fi dá a lóhùn?"

"'Ẹ ṣeun gan-an, ìmọ̀ràn tó dára ni.'"

Bàbá Òǹtẹ̀ gbójú sókè, ó ń wo àjà bí ẹni tó ń wá aláǹtakùn.

"Níbẹ̀rẹ̀, ó ń lọ wọ́ọ́rọ́wọ́ lóòótọ́," ni Àǹtí Funfun ń bá ọ̀rọ̀ lọ. "Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ̀ bíi gọ́ọ̀mù. Mo ní bóyá kò tó ni, mo tún da púpọ̀ sí i. Ó wá ń kán sára aṣọ. Ní báyìí, máṣíìnì ti le gbagidi, kò yí síwá, kò yí sẹ́yìn. Ọjọ́ Ẹtì làwọn akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì máa ṣe ayẹyẹ ìkẹ́kọ̀ọ́jáde. Kí ni kí n sọ fún wọn? Kí wọ́n wọ aṣọ oorun lọ?"

Omi bọ́ lójú rẹ̀. Ìyàwó gba aṣọ lọ́wọ́ rẹ̀, ó fọwọ́ gbá a lẹ́yìn díẹ̀díẹ̀.

"Ẹ lọ gbé máṣíìnì náà wá. Màá tú u palẹ̀, màá sì nù ún. Kò tíì kú." Ó wá yíjú sí ọkọ rẹ̀. "Ẹ̀yin, a máa jọ sọ̀rọ̀."

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà ni àbúrò ìyàwó yà wá kí wọn. Iléeṣẹ́ rédíò ló ń bá ṣiṣẹ́. Òun ló máa ń gba ìpè àwọn olùgbọ́ kí wọ́n tó jẹ́ kí ohùn wọn lọ sórí afẹ́fẹ́. Ó bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí ẹní, irin máṣíìnì yí i ká, ó ń fi búrọ́ọ̀ṣì ha òróró tó ti dì. Ó bá ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nínú àga, ó ká jọ bí ọmọ tó fọ́ àwo.

"Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀gbọ́n. Ṣé kò sí?"

"Wọ́n ní mo fòǹtẹ̀ lu òróró," ni Bàbá Òǹtẹ̀ dáhùn.

Nígbà tí wọ́n ròyìn fún un tán, ẹ̀rín pa àbúrò náà débi tó fi di férémù ìlẹ̀kùn mú.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ò kà á kí ẹ tó fọwọ́ sí i ni?"

"Kí n kà á? Ní gbogbo ọdún tí mo fi ṣiṣẹ́, mi ò ṣí lẹ́tà ẹnikẹ́ni wò rí. Ìwà òfófó nìyẹn!"

"Lẹ́tà, ẹnìkan ni wọ́n kọ ọ́ sí. Kọ́mẹ́ǹtì, gbogbo ẹni tó bá yà síbẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí. Bí ẹnìkan bá pè wá ní rédíò, tó ní kí aláboyún máa mu kẹrosíìnì, ṣé kí n jẹ́ kó lọ sórí afẹ́fẹ́ torí pé ó kí wa dáadáa?"

"Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!"

"Ẹ ṣeun. Lójú ẹni tó ń ka iṣẹ́ àǹtí mi, ilé kan náà ni òkè àti ìsàlẹ̀. Ohun tí ẹ bá jẹ́ kó wà níbẹ̀, ẹ̀yin lẹ sọ ọ́."

Ó fa àga, wọ́n ṣí kọ̀ǹpútà, wọ́n sì ń kà á lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ìpara irun yìí ńkọ́?" ni Bàbá Òǹtẹ̀ béèrè.

"Ẹ pa á rẹ́. Kì í ṣe yín ló ń kí, ọjà rẹ̀ ló ń kiri."

"'Èmi ni àkọ́kọ́' ńkọ́?"

"Àkọ́kọ́ níbo? Ẹ pa á rẹ́."

"Ẹni tó ń wá ìyàwó... mo ti sọ fún un pé ìmọ̀ràn tó dára ni."

"Ẹ kú iṣẹ́ o," ni ìyàwó rẹ̀ fọhùn láti orí ẹní.

Nígbà tí wọ́n kan ti òróró, Bàbá Òǹtẹ̀ na ìka tìbínú-tìbínú láti pa á rẹ́. Àbúrò ìyàwó di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Ẹ má kàn yọ ìyẹn báyẹn. Àwọn míì ti kà á, wọ́n ti lè lọ lò ó. Ẹ kọ àtúnṣe síwájú rẹ̀ gbàǹgbà, kí ẹ ní ẹ̀yin lẹ ṣàṣìṣe tí ẹ yìn ín. Kí ẹ sì bi ọ̀gá yìí léèrè irú máṣíìnì tó ń lò."

Wọ́n kọ àtúnṣe náà, wọ́n sì bi í. Kò pẹ́ tí èsì fi dé: "Mi ò ní máṣíìnì o. Ìlẹ̀kùn ilé mi tó ń ké ni mo ta á sí. Mo rò pé irin ni irin ń jẹ́."

Ìyàwó gbé búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀, ó ń wo òkè. Kò mọ̀ bóyá ẹ̀rín ni kóun rín tàbí kóun sunkún.

"Ohun kan tún kù," ni àbúrò rẹ̀ sọ fún un. "Àǹtí mi, 'Kí lẹ rò?' lẹ máa ń kọ sí ìparí iṣẹ́ yín. Bí ẹ bá bi èèyàn pé kí ló rò, ohunkóhun ló máa rò. Ẹ béèrè ohun tó lójú: 'Ìgbà wo ni máṣíìnì yín máa ń já òwú? Òwú wo lẹ sì ń lò?' Ẹni tí kò ní máṣíìnì á kọjá lọ."

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, Bàbá Òǹtẹ̀ gbé awò ojú wọ̀, ó jókòó bí adájọ́. Ẹni tó béèrè ọ̀rọ̀ nípa òwú, ó pa tirẹ̀ rẹ́ torí pé kò fi àmì ohùn sórí ọ̀rọ̀. Ẹni tó kọ "Ẹ kú iṣẹ́," ó ní onítọ̀hún fẹ́ fi ìkíni ta ọjà fún òun ni. Ó tiẹ̀ pa èsì tí ìyàwó rẹ̀ fúnra rẹ̀ kọ rẹ́, ó ní òun ò dá orúkọ yẹn mọ̀.

Nígbà tí ìyàwó ń wá èsì rẹ̀ kiri ni ó rí ibi tí ohun tí wọ́n pa rẹ́ ń kóra jọ sí. Ọ̀kan wà níbẹ̀ tó kà báyìí pé: "Ta ló kọ ìkọkúkọ yìí? Abẹ́rẹ́ inú àwòrán yẹn kọjú sódì. Ẹ padà lọ kọ́ṣẹ́!"

"Má wulẹ̀ kà á," ni ọkọ rẹ̀ sọ tayọ̀tayọ̀. "Ó bú ọ, mo sì ti bá ọ gbẹ̀san."

Ọ̀rọ̀ "ẹ padà lọ kọ́ṣẹ́" gún obìnrin náà lọ́kàn. Síbẹ̀, ó dìde, ó lọ wo abẹ́rẹ́ máṣíìnì tirẹ̀, ó padà wá wo àwòrán, ó tún lọ wò ó.

"Òótọ́ ló sọ," ló wí jẹ́jẹ́. "Apá pẹlẹbẹ abẹ́rẹ́ wà ní ìhà òdì. Bàbá wa, kí lẹ ṣe sí àwòrán yìí?"

"Mo kàn yí i lórí kọ̀ǹpútà ni, bí ìgbà téèyàn ń wo dígí. Ìwọ lo wà níbẹ̀, o wá kẹ̀yìn sí àkọsílẹ̀. Mo ní kí arẹwà kọjú sí i."

"Òsì ti di ọ̀tún! Abẹ́rẹ́ náà ti bá mi yí!"

Ó pe àbúrò rẹ̀ lórí fóònù.

"Àǹtí, ẹ yọ èébú kúrò nínú rẹ̀ bí ìgbà tí ẹ yọ egungun ẹja," ni ìyẹn dá a lóhùn. "Ẹran rẹ̀ dára. Ẹ dáhùn ohun tó jẹ́ òótọ́, ẹ fi ìyókù sílẹ̀."

Ó kọ ọ́ pé: "Ẹ ṣeun. Àwòrán náà yí sódì lóòótọ́. A ti tún un ṣe."

Èsì dé kíá: "Ẹ má bínú sí èdè mi, mà. Bí mo ṣe rí i nínú àwòrán ni mo ṣe é. Abẹ́rẹ́ náà ṣẹ́, ó ta, ó sì kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú mi. Ẹ̀rù ló bà mí."

Bàbá Òǹtẹ̀ kà á, ó bọ́ awò ojú rẹ̀. Ó padà lọ síbi tí ohun tí ó pa rẹ́ wà, ó ń kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń dá àwọn tó ní làákàyè padà.

Kó tó di ọjọ́ Ẹtì, máṣíìnì Àǹtí Funfun ti ń kọrin. Àwọn aránṣọ méjèèjì jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, wọ́n ń rán aṣọ kíkankíkan, Bàbá Òǹtẹ̀ sì ń fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ ọ́. Kò sẹ́ni tó bẹ̀ ẹ́. Àwọn nọ́ọ̀sì náà jáde lọ́jọ́ ayẹyẹ wọn, funfun báláú, kò sì sẹ́ni tó rùn bí ẹyin.

Ẹ̀yin tí ẹ ní sáìtì, ì báà jẹ́ ti máṣíìnì, ti oyin, tàbí ti òrùlé tó ń jò, ẹ má ka iye kọ́mẹ́ǹtì, ohun tó wà nínú rẹ̀ ni kí ẹ kà, kó tó hàn sí ẹnikẹ́ni. Ìpolówó àti ọ̀rọ̀ tí kò kan iṣẹ́ yín, ẹ yọ wọ́n láìbẹ̀rù. Ìmọ̀ràn tó lè ṣèpalára, ẹ tún un ṣe níbi tí gbogbo èèyàn á ti rí i. Ẹ má pa ọ̀rọ̀ rẹ́ torí pé ó korò. Ẹ kọ́kọ́ wádìí bóyá òótọ́ ni.

Ìwọ tí ò ń kọ kọ́mẹ́ǹtì ńkọ́? Ohun tí o kò bá ṣe rí, má sọ fún ẹlòmíràn pé ó dára. Bí o bá sì rí àṣìṣe, sọ ibi tó wà láìbú ẹni tó ṣe é, kí wọ́n lè tètè gbọ́. Ẹnìkan tí o kò mọ̀ rí lè ti gbójú lé ọ̀rọ̀ rẹ, ó ti jókòó, ó sì ti gbé ẹsẹ̀ lé máṣíìnì.