Ọmọ Bàbá Fótò Fẹ́ Kọ́ṣẹ́ Ẹ́síréè

Bí ẹ bá ti lọ ya pásípọ́ọ̀tù rí, ẹ mọ irú ṣọ́ọ̀bù tí à ń wí. Àpótí ìjókòó kan wà níwájú aṣọ funfun tí wọ́n ta mọ́ ògiri, iná méjì kọjú sí i, dígí kékeré kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn fún ẹni tó bá fẹ́ tún irun ṣe. Ẹni tó ń rẹ́rìn-ín bọ̀ láti ìta, kété tó bá jókòó sórí àpótí yẹn, ojú rẹ̀ á le bí ojú ẹni tí wọ́n fẹ́ dájọ́ fún.

Bàbá Fótò ló ni ṣọ́ọ̀bù náà. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ẹ̀kọ́ girama, ló máa ń to oníbàárà jókòó. Á gbé àgbọ̀n onítọ̀hún sókè díẹ̀, á tún kọ́là rẹ̀ ṣe, á fi ìka méjì yí èjìká rẹ̀ padà, á wá ní, "Ẹ dúró jẹ́ẹ́." Ọ̀rọ̀ yìí kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀, àwọn oníbàárà bá sọ ọ́ di orúkọ fún un. Dúró-Jẹ́ẹ́ ni gbogbo àdúgbò ń pè é.

Ẹnìkẹta wọn ni ìyàwó ẹ̀gbọ́n Dúró-Jẹ́ẹ́. Ọkọ rẹ̀ ń wa ọkọ̀ akẹ́rù, kì í sábà sí nílé, òun náà kò sì fẹ́ràn ìjókòó lásán, ló bá ń bá bàbá ọkọ rẹ̀ gé fótò. Ìyàwó ni wọ́n ń pè é nílé. Ọlọ́yàyà ni, kò sí ohun tí ẹbí bẹ̀ ẹ́ tó máa ní òun ò ṣe.

Òfin kan ṣoṣo ni Bàbá Fótò ní nínú iṣẹ́ rẹ̀: a kì í ya ẹyọ kan. "Yà á lọ rẹrẹ," ló máa ń sọ fún ọmọ rẹ̀. "Ẹni tó bá dijú nínú ti àkọ́kọ́, á lajú nínú ti ìkẹta. Èyí tó bá dára la máa ṣà." Òfin gidi ni fún ẹni tó ń ya fótò. Ṣùgbọ́n òfin yìí náà ló fẹ́ kó wọn sí wàhálà.

Iṣẹ́ fótò ò rí bíi ti àtijọ́ mọ́. Fóònù ti wà lọ́wọ́ tọmọdé tàgbà, ojú ara ẹni lèèyàn ń yà lọ́fẹ̀ẹ́ láàárọ̀ lálẹ́. Bàbá Fótò mọ̀ pé ọmọ òun gbọ́dọ̀ ní iṣẹ́ mìíràn lọ́wọ́, ọmọ náà sì ti mọ èyí tó wù ú. Nígbà kan tí ilẹ̀kùn ọkọ̀ há ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́wọ́, òun ló tẹ̀ lé e lọ sí ilé ìwòsàn. Níbẹ̀ ló ti rí obìnrin kan tó gbé ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sórí tábìlì bí ẹni gbé ẹyin, tó yí i síhìn-ín, tó yí i sọ́hùn-ún, tó bọ́ sẹ́yìn ògiri, tí egungun ọwọ́ náà sì jáde lójú kọ̀ǹpútà pẹ̀lú ibi tó ti sán. Láti ọjọ́ náà, kò ronú iṣẹ́ mìíràn mọ́.

Ọ̀nà wá yọ lójijì. Ọkùnrin kan tó máa ń wọ kóòtù funfun háyà òkè ilé kan lójú títì, ó gbé àkọlé kọ́ síta pé òun ń kọ́ni níṣẹ́ ẹ́síréè láàárín oṣù díẹ̀, òun á sì fúnni ní ìwé ẹ̀rí. Olùdarí ló ní kí wọ́n máa pe òun. Ó wá ya pásípọ́ọ̀tù ní ṣọ́ọ̀bù, ó rí bí Dúró-Jẹ́ẹ́ ṣe ń to èèyàn, ó sì kọjú sí Bàbá Fótò.

"Bàbá, ọmọ yín ti mọ ìdajì iṣẹ́ yìí," ló wí. "Kí ló tún fẹ́ lọ fi ọdún gbọọrọ ṣe ní kọ́lẹ́ẹ̀jì? Ẹ jẹ́ kó wá sọ́dọ̀ mi."

Orí Bàbá Fótò wú. Ta ni wọ́n á yin ọmọ rẹ̀ tí inú rẹ̀ ò ní dùn? Lójú tirẹ̀, iṣẹ́ kan náà ni, ìta ara lòun ń yà, inú ara ni ti àwọn yẹn. Ọmọ tó ti mọ bí wọ́n ṣe ń to èèyàn, tó ti mọ bí wọ́n ṣe ń yà á, kí ló tún kù?

Dúró-Jẹ́ẹ́ lọ wo ibẹ̀. Yàrá kan ṣoṣo ni. Ẹ̀rọ àtijọ́ kan wà lẹ́yìn kọ́tìnnì, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́tìnnì náà, wọ́n ń retí kó kàn wọ́n. Ara wọn ni wọ́n ń yà. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni wọ́n ń sọ fún pé kó mú ẹbí rẹ̀ kan wá tí yóò fi kọ́ṣẹ́. Ọkàn ọmọ náà kọ́kọ́ kọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n ó ń kánjú, kò sì sọ ọ́ síta.

Nígbà tó délé, Ìyàwó ò jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán. Ó ní òun ni wọ́n máa fi kọ́ṣẹ́, kí òun náà lè rí bí egungun òun ṣe rí, bóyá òun á tilẹ̀ ní ẹwà nínú ju ti ìta lọ. Bàbá Fótò rẹ́rìn-ín títí. Ó ní kí wọ́n yà á láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, kí wọ́n sì yà á lọ rẹrẹ, kí ọwọ́ ọmọ òun lè tètè mọ́ ọn. Wọ́n fi í sí ọjọ́ kejì.

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn kan náà ni obìnrin kan wọlé wá ya pásípọ́ọ̀tù. Yàrá ẹ́síréè ní ilé ìwòsàn ló ti ń ṣiṣẹ́, àdúgbò kan náà ni wọ́n jọ ń gbé, Àǹtí Ẹ́síréè ni wọ́n sì ń pè é. Ó fẹ́ fi fótò náà tún ìwé àṣẹ iṣẹ́ rẹ̀ gbà. Bàbá Fótò ò lè pa ayọ̀ rẹ̀ mọ́ra. Kí wọ́n tó tún kọ́là obìnrin náà ṣe tán, ó ti ròyìn gbogbo rẹ̀ fún un: Olùdarí, oṣù díẹ̀, ìwé ẹ̀rí, àti Ìyàwó tí wọ́n máa yà lọ́la. Ó ní láìpẹ́ òun àti Dúró-Jẹ́ẹ́ á di ẹlẹgbẹ́.

Àǹtí Ẹ́síréè kò bínú, kò sì rẹ́rìn-ín. Ó ní kí wọ́n ya òun ná. Bàbá Fótò yà á lọ rẹrẹ bíi ti ìgbà gbogbo. Lẹ́yìn náà ni obìnrin náà sún àpótí rẹ̀ súnmọ́ ọn.

"Bàbá, ẹ̀ẹ̀melòó lẹ yà mí?"

"Mi ò kà á. Kí ni mo fẹ́ kà á fún? Èyí tó bá dára la máa mú."

"Ẹ ṣe é re. Ìmọ́lẹ̀ lásán lẹ tàn sí mi, kò ṣe mí ní nǹkan kan. Ti ẹ̀rọ wa ò rí bẹ́ẹ̀. Ìtànṣán ni, ó ń gba inú ẹran ara kọjá, ojú ò rí i, ara ò sì gbóná kí èèyàn fi mọ̀ pé ó ń wọlé. Ìwọ̀nba rẹ̀ fún ẹni tí ara rẹ̀ ò yá, tí dókítà ní kó lọ yà á, àǹfààní rẹ̀ ju ewu rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n èyí tí a bá tún yà nítorí pé a ò mọ̀ ọ́n yà, ẹni tó dùbúlẹ̀ yẹn kàn gbà á sára lásán ni. A kì í yà á lọ rẹrẹ ká tó ṣà, Bàbá."

Bàbá Fótò ní ṣebí wọ́n ń kọ́ni ni, kí ni wọ́n fẹ́ fi kọ́ ọ bí kì í bá ṣe èèyàn? Àǹtí Ẹ́síréè ṣàlàyé fún un pé ní kọ́lẹ́ẹ̀jì gidi, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń to ara wọn sórí tábìlì lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ò ní sí ní títàn. Bó bá kan ìtànṣán gan-an, ọmọláńgidi ni wọ́n ń yà, ọmọláńgidi ńlá tó tó èèyàn, ike ni wọ́n fi ṣe é, ohun tó dà bí egungun sì wà nínú rẹ̀. Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n tó ń lọ sí ilé ìwòsàn, níbi tí ẹni tó ti gba àṣẹ yóò ti dúró tì wọ́n. Níbẹ̀ náà, aláìsàn tí dókítà ní kí wọ́n yà nìkan ni wọ́n ń yà.

"Ẹ̀ẹ̀kan péré tí wọ́n bá yà mí, Àǹtí, ṣé ó máa pa mí ni?" Dúró-Jẹ́ẹ́ ló bèèrè, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀.

"Kò ní pa ọ́. Mi ò wá dẹ́rù bà ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ ò mọ ìwọ̀n tí ẹ̀rọ yẹn ń tú jáde, ẹ ò mọ ìgbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò kẹ́yìn, kọ́tìnnì ò sì lè dá ìtànṣán dúró. Àwa ń fi nǹkan kékeré kan sáyà tó ń ka iye tó bá wa lára. Ta ló ń ka tiyín? Ohun kan tún wà. Kí a tó ya ikùn tàbí ìbàdí obìnrin, ìbéèrè kan wà tí a gbọ́dọ̀ bi í. Ṣé Olùdarí ní kí ẹ bi ẹni tí ẹ bá ń mú bọ̀ bóyá ó lóyún?"

Dúró-Jẹ́ẹ́ ní rárá, kò sẹ́ni tó bi ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan níbẹ̀.

Àlùmọ́gàjí Ìyàwó dákẹ́ ní kọ̀rọ̀ tó ti ń gé fótò. Kò sẹ́ni tó wò ó. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ̀rọ̀, àwọn fótò tó wà lórí itan rẹ̀ ló sì ń wò.

"Mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni," ló wí. "Mo ní kí ọkọ mi dé ná, kó kọ́kọ́ gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Mi ò rí nǹkan oṣù mi lóṣù yìí."

Ẹ̀rù ba Bàbá Fótò, a ò ní fi bò fún yín. Ó jókòó sórí àpótí oníbàárà, ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. Dúró-Jẹ́ẹ́ lọ jókòó ti Ìyàwó, ó ń sunkún, ó sì ń bẹ̀ ẹ́. Ìyàwó náà ló tún ń tù ú nínú pé ohun tí kò tíì ṣẹlẹ̀, kí ni wọ́n ń sunkún rẹ̀ sí?

"Àgbà kì í wà lọ́jà, kórí ọmọ tuntun wọ́," Bàbá Fótò sọ nígbà tó yá. "Èmi àgbà yìí ni mo fẹ́ fọwọ́ ara mi wọ́ ọ."

Àǹtí Ẹ́síréè kò jẹ́ kó máa bá ara rẹ̀ jà. Ó ní àìmọ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, kí wọ́n ṣáà lọ bi Olùdarí ní nǹkan méjì: àjọ wo ló fọwọ́ sí ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀, ilé ìwòsàn wo sì ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ti ń kọ́ṣẹ́?

Wọ́n lọ lọ́jọ́ kejì, wọn ò mú Ìyàwó dání. Olùdarí ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀, àṣẹ ń bọ̀ lọ́nà, àwọn ilé ìwòsàn tó mọ òun sì pọ̀ lọ jàra. Bàbá Fótò ní òun gbọ́, orúkọ ẹyọ kan péré nínú wọn lòun fẹ́. Olùdarí wo aago ọwọ́ rẹ̀. Bàbá Fótò dìde, ó fa ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, wọ́n sọ̀ kalẹ̀. Àǹtí Ẹ́síréè fi ọ̀rọ̀ náà tó àwọn tó ń mójú tó irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ létí, wọ́n wá yẹ ibẹ̀ wò, wọ́n sì tì í pa.

Ó wá ku ti ọmọ náà fúnra rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ni kọ́lẹ́ẹ̀jì gidi ń gbà, wọ́n sì ń béèrè fìsíìsì lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ wọlé. Ọ̀rọ̀ fìsíìsì àti Dúró-Jẹ́ẹ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ níwájú àlejò. Ó ní kí òun tó jáde, òun á ti dàgbà.

"Ọjọ́ orí yẹn ń bọ̀ wá bá ọ, o kọ́ṣẹ́ o, o ò kọ́ṣẹ́ o," Àǹtí Ẹ́síréè dá a lóhùn. "Kó bá ọ nídìí iṣẹ́ ló dáa jù."

Bàbá rẹ̀ ní pípẹ́ ni yóò pẹ́, akólòlò á pe baba. Ó wá olùkọ́ fìsíìsì fún un. Ọmọ náà ṣèdánwò ìwọlé lẹ́ẹ̀kan, ó fìdí rẹmi, ó sunkún, ó tún un ṣe, ó sì wọlé. Ìyàwó ti gbọ́mọ pọ̀n nígbà tí wọ́n sin Dúró-Jẹ́ẹ́ dé kọ́lẹ́ẹ̀jì.

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin ọ̀dọ́, iṣẹ́ ẹ́síréè dára, àwọn ilé ìwòsàn sì ń wá ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó forúkọ sílẹ̀ níbikíbi, ẹ béèrè lọ́wọ́ àjọ tó ń fún àwọn oníṣẹ́ yìí láṣẹ bóyá wọ́n mọ ilé ẹ̀kọ́ náà. Ẹ béèrè ilé ìwòsàn tí wọ́n ti ń kọ́ṣẹ́, kí ẹ sì débẹ̀ fúnra yín. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi yín kọ́ṣẹ́ ìtànṣán, ì báà jẹ́ ọmọ yín. Ẹ̀yin obìnrin, bí ẹ bá lóyún tàbí tí ẹ ń fura pé ẹ lóyún, ẹ sọ ọ́ kí wọ́n tó tan ẹ̀rọ, wọn ì báà máà bi yín. Bí dókítà yín bá sì ní kí ẹ lọ ya ẹ́síréè, ẹ má ṣe tìtorí ìtàn yìí sá. Ẹ lọ sọ́dọ̀ ẹni tó gbàṣẹ.

Dúró-Jẹ́ẹ́ ti ń bá àwọn olùkọ́ rẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn báyìí. Wọn ò tíì gbà kó tẹ bọ́tìnnì láìjẹ́ pé ẹnì kan dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó sì ń ṣàròyé rẹ̀ nílé lójoojúmọ́. Bàbá rẹ̀ ní kó máa ṣàròyé lọ. Ilé ẹ̀kọ́ tí kò bá kánjú gbé ẹ̀rọ lé ọmọ yín lọ́wọ́, ibẹ̀ ni kí ẹ fi ọmọ yín sí.