Íǹṣì Méjì Nínú Aṣọ Omi

Afẹ́fẹ́ ló gbé ọkùnrin náà wá bá Karimot, kì í ṣe ẹsẹ̀ rẹ̀. Ọ̀sán ọjọ́ kan nínú oṣù kọkànlá ni, nígbà tí òtútù Dagenham bẹ̀rẹ̀ sí í bu ènìyàn jẹ bí ajá tí kò mọ olówó rẹ̀. Karimot jókòó nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré tó wà nítòsí ibùdókọ̀ ojú irin Dagenham East. Ó gbójú sókè, ó rí ìgbòkun pupa kan tó ń jó lójú pópó, ó sì rí ọmọkùnrin kan lẹ́yìn rẹ̀ tó dì í mú bí ẹni tó ń bá àgbò jà. Ìgbòkun tì í síwájú, ó fà á sẹ́yìn, ó wá gbé e lu ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù gbàà!

Ó wọlé, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Ẹ jọ̀ọ́, sọ́rì. Ṣé ẹ lè bá mi tún aṣọ tó ya ṣe?"

"Aṣọ la mọ̀ ọ́n tún ṣe. Afẹ́fẹ́ tẹ́ ẹ ń bá jà yẹn, n kò mọ ìyẹn ṣe o," Karimot dá a lóhùn. Ẹ̀rín ti ń yọ lẹ́nu rẹ̀.

Abdulrasheed lorúkọ ọ̀gbẹ́ni náà. Ẹ̀rọ tó ń gbé ènìyàn lọ sókè ilé gíga ló ń tún ṣe, Thames View ló ń gbé, kò sì tíì ju oṣù mẹ́rin lọ tó ti Badagry dé. Láti kékeré ló ti ń dúró lórí pátákó onígbòkun, tí afẹ́fẹ́ á máa gbé e sáré lójú ọ̀sà. Ní Badagry, ṣòkòtò péńpé tó fún un. Ó gbé ọgbọ́n Badagry yẹn dé etí òkun Southend, ni òtútù omi bá fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á. Nígbà tí wọ́n fà á jáde, ètè rẹ̀ funfun bí ẹfun. Ló bá ra àlòkù aṣọ rọ́bà tó nípọn bí awọ màlúù, àmọ́ orúnkún rẹ̀ ti ya.

Karimot kò fọwọ́ kan irú rẹ̀ rí, ṣùgbọ́n ó fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́, ó sì rán an lọ́nà tí abẹ́rẹ́ kò fi yọ sí òdì kejì, kí omi má baà rí ọ̀nà wọlé.

Lọ́sẹ̀ kejì, Abdulrasheed mú fìlà rọ́bà wá. Lọ́sẹ̀ kẹta, ó mú ìbọ̀wọ́ wá. Ihò ara ìbọ̀wọ́ náà kò tó ojú abẹ́rẹ́. Karimot mọ̀ pé kì í ṣe ìbọ̀wọ́ ló gbé e wá.

"Kí loríkì rẹ?" Abdulrasheed béèrè lọ́jọ́ náà.

"Ṣé oríkì ló ya ni?"

"Rárá. Ẹnu tó fẹ́ máa pè é ló ń yún mi."

Karimot rẹ́rìn-ín, ó sọ ọ́. Láti ọjọ́ náà ló ti di Àṣàkẹ́. Wọ́n ń rìn yí adágún Mayesbrook ká lọ́jọ́ Sunday, wọ́n sì ń jẹ ẹ̀pà sísun nínú ọ̀rá kan náà.

"Ó wù mí kí n mọ ohun tí omi yẹn ní tí èmi kò ní," Karimot wí lọ́jọ́ kan.

Ọmọkùnrin náà wò ó títí, ó bu ẹ̀pà sí i lọ́wọ́.

Omi nìkan kọ́ ni Karimot ń jowú. Orúkọ kan wà tí kì í jìnnà sí olólùfẹ́ rẹ̀ lẹ́nu. "Jannah ní kí n lo ìgbòkun tó kéré, pé afẹ́fẹ́ ìgbà òtútù wúwo ju ti ìgbà ooru lọ." "Jannah ní bàtà rọ́bà kò gbọdọ̀ há, pé ìka ẹsẹ̀ á kú." "Jannah ní pátákó tó fẹ̀ ló dáa fún ẹni tí kò tíì mọ omi ibí."

"Ṣé Jannah ti sọ bí wọ́n ṣe ń mí fún ọ?"

"Àṣàkẹ́! Olùkọ́ wa létí òkun ni."

"Olùkọ́ kọ́, olùkó ni; ó fẹ́ kó ọ lọ."

Àwọn àgbà ní òjòwú kò lẹ́ran láyà. Karimot lẹ́ran láyà, ó lẹ́ran níbàdí, owú sì jókòó sórí gbogbo rẹ̀ bí ọba.

Nígbà tó di oṣù kejì, tí Ààwẹ̀ kù díẹ̀, Abdulrasheed gbé aṣọ rọ́bà mìíràn wá. Ti obìnrin ni. Ó fi bébà kan lé e: àyà, ogójì; ìbàdí, mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n; ìdí, mẹ́rìnlélógójì.

"Bá mi gbà á wọlé kó bá ìwọ̀n yìí mu. Má ì tíì béèrè ẹni tó ni ín. Lọ́jọ́ Sátidé, a ó jọ lọ Southend, wàá rí i."

"Ó dáa," ni Karimot wí. Ohùn rẹ̀ tutù ju omi Southend lọ.

Nígbà tó lọ tán, Karimot ka bébà náà lẹ́ẹ̀mẹta. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ! Ta ló ní irú ìdí báyìí? Ta ló wọn Jannah? Ọwọ́ ta ló di téèpù mú níbàdí rẹ̀? Ó rán aṣọ náà bí ìwé ṣe wí. Ó wò ó. Ó tún ká ìbàdí rẹ̀ sínú, íǹṣì méjì, ó sì rán an mọ́lẹ̀.

"Kó wọ̀ ọ́ kó má lè mí," ó sọ fún ẹ̀rọ ìránṣọ. "Ṣebí òun ló mọ ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ sọ."

Lọ́jọ́ Sátidé, wọ́n wọ ọkọ̀ ojú irin ní Barking. Abdulrasheed di ọwọ́ rẹ̀ mú, ọwọ́ náà kò gbóná títí wọ́n fi sọ̀ kalẹ̀. Bí wọ́n ṣe dé etí òkun, obìnrin kan ń bọ̀, ó ga bí igi àgbọn, ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìgbálẹ̀.

"Àsàlámù aléékùn! Ṣé Àṣàkẹ́ nìyí? Èmi ni Jannah."

Ojú télọ̀ kì í purọ́. Kí Karimot tó dáhùn, ojú rẹ̀ ti wọn obìnrin náà látòkè délẹ̀. Ìbàdí, kò ju mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n lọ. Aṣọ inú ọ̀rá tó gbé lọ́wọ́ kò lè dé kókósẹ̀ rẹ̀ láéláé. Ó kọjú sí Abdulrasheed.

"Aṣọ ta wá ni?"

"Tìrẹ ni," Abdulrasheed wí. "O ní o fẹ́ mọ ohun tí omi ní. Rahmah àbúrò rẹ ló bá mi wọn aṣọ rẹ tó bá ọ lára mu jù lọ."

Bí ọ̀bẹ ti mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Ọdún mọ́kànlá tí Karimot ti ń wọn ìbàdí àwọn ará Dagenham, kò fi téèpù kan tara rẹ̀ rí.

Ó wọ yàrá ìpààrọ̀ aṣọ lọ. Aṣọ náà gba ẹsẹ̀, ó gba ìdí, ó dé ìbàdí, ó kọ̀ jálẹ̀. Jannah fa sípì títí ó fi làágùn.

"Kó ikùn wọlé! Ẹ̀yin télọ̀ Dagenham, irú ìránṣọ wo rèé?"

Ẹní da eérú ni eérú ń tọ̀. Karimot jáde, sípì ò lọ sókè, ó da kóòtù bora, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. "Rasheed, èmi ni mo fún un há. Mo rò pé Jannah ló ni ín."

"Èmi?" Jannah bú sẹ́rìn-ín. "Kí n wá fi ṣe ìbọ̀sẹ̀ ni?"

Abdulrasheed kò rẹ́rìn-ín. "Àṣàkẹ́, òkun òtútù kì í ṣeré. Ẹni tí aṣọ há mọ́, tí omi bá bò ó, ibo ló ti máa rí èémí?"

Ọ̀rọ̀ yìí wọ Karimot lára ju afẹ́fẹ́ lọ. Ó kúnlẹ̀ sórí òkúta wẹ́wẹ́ etí òkun níwájú Jannah. "Ẹ má bínú. N kò fi abẹ́rẹ́ ṣe ìkà rí."

"Dìde, jàre," Jannah wí. "Èmi náà lọ́kọ. Mo mọ ohun tí owú ń ṣe."

Karimot bọ́ aṣọ náà, ó jókòó, ó yọ sísọ́ọ̀sì kékeré nínú báàgì, ó ń tú u lójú òwú kọ̀ọ̀kan. Ọpẹ́ ni pé kíká ló ká a, kò gé e: télọ̀ tó gbọ́n kì í gé aṣọ kí ẹni tó ni ín tó wọ̀ ọ́ wò. Abdulrasheed jókòó tì í, ó ń fi ẹ̀yìn dí afẹ́fẹ́ fún un. Nígbà tó tú u tán, ó wọ̀ ọ́, sípì lọ sókè wẹ́rẹ́.

Gọ́ọ̀mù kò sí lójú ìránṣọ náà mọ́, nítorí náà wọn kò kọjá orúnkún nínú omi. Ibẹ̀ ni Abdulrasheed ti sọ ọ́.

"Lẹ́yìn Ààwẹ̀, àwọn ẹbí mi fẹ́ wá rí bàbá rẹ. Ṣé kí wọ́n máa bọ̀?"

Ìgbì kékeré kan fọ́ sí wọn lẹ́sẹ̀. "Kí wọ́n máa bọ̀," Karimot wí. "Ṣùgbọ́n Jannah ni kó kọ́ mi ní ìgbòkun, kí n lè máa rí ẹ̀yin méjèèjì."

Nígbà náà ni ọmọkùnrin náà tó rẹ́rìn-ín. Ó fa téèpù ìránṣọ yọ lọ́rùn Karimot, èyí tí kò rántí bọ́ sílẹ̀ láti ṣọ́ọ̀bù, ó sì fi wé e níbàdí. "Mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Ìyẹn ni mo máa sọ fún ẹni tó máa rán aṣọ ìyàwó."

"Èmi ni mo máa rán an fúnra mi," Karimot wí. "Fi íǹṣì méjì kún un. Mo fẹ́ máa mí lọ́jọ́ náà."