Ìwọ̀n Ojú Aránṣọ

Téèpù ìwọnṣọ ni olùtọ́jú ọgbà kọ́kọ́ rí, tó so rọ̀ lọ́rùn ọmọbìnrin aránṣọ kan bí ìlẹ̀kẹ̀. Ó ń gba abẹ́ igi bọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, àfi bó ṣe dé kọ́nà àkọ́kọ́ tó ṣẹ́rí padà. Lọ́jọ́ kejì, bákan náà. Lọ́jọ́ kẹta, bákan náà.

Ọkùnrin yìí kì í rí nǹkan kó má wá ìdí rẹ̀. Ó jókòó sẹ́nu géètì, ó ń ṣọ́ wọn. Àwọn ọkùnrin ń sáré yí gbogbo ọgbà po. Àwọn obìnrin, àfi tí wọ́n bá pọ̀, kọ́nà yẹn kan náà ni wọ́n ti ń padà. Ó ní bóyá ó ń rẹ̀ wọ́n ni. Nígbà tó bi aránṣọ léèrè, ẹ̀rín pa á.

“Bọ̀dá, kí lẹ máa ń rí ní kọ́nà yẹn?”

“Òdòdó.”

“Ibi tí èèyàn lè sápamọ́ sí lèmi ń rí.”

Ó wá là á yé e. Ìjókòó ìdí ẹ̀rọ ti ba ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́, dókítà sì ní kó máa rìn. Ìyá rẹ̀ kò fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀: obìnrin tó wọ igbó tí kò ṣẹ́gi, kí ló ń wá? Ọ̀sẹ̀ méjì péré ló fún un. Tí kò bá tíì rí ẹni máa bá a rìn, àgbàlá ilé ni kó ti máa rìn. Olùtọ́jú ọgbà ní òun á máa tẹ̀ lé e. Aránṣọ mi orí pé rárá. Ariwo oníbàárà ló ń gbọ́ látàárọ̀. Ìrìn yìí nìkan ni tirẹ̀.

Ọkùnrin náà rò ó wò. Tí wọ́n bá lé e sí àgbàlá, ibo ni òun á ti tún rí i? Ó fa àdá yọ. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi gé igi wẹ́wẹ́ ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, títí ojú rẹ̀ fi ríran láti kọ́nà dé kọ́nà. Ó pè é wá wò ó. Aránṣọ dé kọ́nà, ó tún yí padà.

“Ìwọ̀n ara yín lẹ fi gé e, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ga bí òpó iná. Tí n bá fi ìwọ̀n yín ránṣọ fún ara mi, ṣé mo lè wọ̀ ọ́?”

Ó fẹsẹ̀ tẹ orí téèpù mọ́lẹ̀, ó fà á dé ìpéǹpéjú, ó ní kó kà á. Ọkùnrin náà kà á lẹ́bàá ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló tẹ̀ orúnkún, ó sọ ojú rẹ̀ kalẹ̀ dé ibi tí téèpù dé. Ewé nìkan ló rí, ó dí pátápátá bí ògiri. Ọdún mẹ́sàn-án ló ti fi ń tọ́jú ọ̀nà yẹn.

Ó tún un gé, ó gé e wálẹ̀ dé ìsàlẹ̀ èjìká aránṣọ.

Lọ́jọ́ tí ọ̀sẹ̀ méjì pé, ìyá bá ọmọ rẹ̀ wá. Ó jókòó sí bẹ́ǹṣì ẹnu géètì, ó káwọ́ gbera. Aránṣọ nìkan ló wọ ọ̀nà náà. Ẹsẹ̀ ń yún olùtọ́jú ọgbà, àmọ́ kò tẹ̀ lé e.

“Mo ṣì ń rí orí rẹ̀,” ni ìyá ń wí jẹ́jẹ́. “Mo ṣì ń rí i.”

Aránṣọ yọ lódì kejì, ó ń làágùn, ó ń rẹ́rìn-ín. Ìyá dìde, ó so gèlè rẹ̀ le, ó ní òun náà ń lọ yí i po, kí ẹnikẹ́ni má tẹ̀ lé òun.

Ó ku àwọn méjì.

“Mi ò ní bá ọ rìn láé,” ni ọkùnrin náà wí, “àfi tí o bá pè mí.”

“Ìdí tí mo fi ń pè ọ́ nìyẹn.”

Aránṣọ bọ́ téèpù lọ́rùn, ó nà án sí èjìká ọkùnrin náà láti apá dé apá.

“Kí lò ń wọ̀n?”

“Aṣọ ìgbéyàwó. Àbí kí n fi ìwọ̀n ara mi rán tìẹ?”