Títí Ẹsẹ̀ Bàrúwà Yóò Fi Kúrò Níbẹ̀

Ẹni tó bá fẹ́ lè pè é nírọ́. Ìlaró ló ti ṣẹlẹ̀, ní àdúgbò Pahayi, ní ọ̀sán gangan, tí oòrùn ń ràn tí gbogbo ayé ń ríran. Ẹ̀jẹ̀ tó ta sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà òkè ilé náà ṣì wà níbẹ̀. Wọ́n ti fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, wọ́n ti fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́.

Ilé ilẹ̀ lásán ni ilé náà tẹ́lẹ̀. Bàbá tó bí Oyèkúnlé ló ni ín. Bàrúwà, tó ń kó gààrì kọjá bọ́dà lọ tà ní Pọ́bẹ̀, ló kọ́ òkè lé e. Búlọ́ọ̀kù rẹ̀, páànù rẹ̀, àtẹ̀gùn rẹ̀. Wọ́n ṣàdéhùn pé kó máa gbé òkè náà fún ọdún márùndínlọ́gbọ̀n, lẹ́yìn náà kó di ti onílé. Líìsì ni wọ́n ń pè é. Ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ làwọn méjèèjì, bàbá Oyèkúnlé sì ní kí wọ́n fi gbólóhùn kan sí ìsàlẹ̀ ìwé: "Bí ọdún bá pé, a ó máa fi kún un, títí ẹsẹ̀ Bàrúwà yóò fi kúrò níbẹ̀."

Ohun tó ní lọ́kàn ò ju ìgbà tó bá wu Bàrúwà láti kó ẹrù rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ro ti ikú mọ́ ọn.

Bàbá Oyèkúnlé kú. Bàrúwà náà kú, ní Pọ́bẹ̀, lọ́jọ́ ọjà, wọ́n sì sin ín síbẹ̀ lọ́jọ́ kan náà bí àwa Mùsùlùmí ṣe ń ṣe. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ó wọ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Mo ń bọ̀ o." Bí gbogbo wa ṣe ń wí náà nìyẹn. Ta ló ń jáde nílé tó ń sọ pé òun ń lọ?

Lọ́jọ́ kẹjọ, lẹ́yìn ìrun Àìlà, Habeebah ọmọ rẹ̀ gbọ́ ẹsẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Tọ̀tún wúwo. Tòsì ń wọ́ tẹ̀lé e. Àpò gààrì ti wó lu Bàrúwà rí, bó ṣe ń tiro nìyẹn. Ẹsẹ̀ náà gòkè. Ó gba pálọ̀ kọjá. Ó wọ yàrá. Ó dákẹ́.

Habeebah ṣí ilẹ̀kùn yàrá. Kò sẹ́nì kankan.

"Màmá, ẹ gbọ́ ọ?"

"Jẹ ẹ̀bà rẹ," ni Mọ́nsúrátù ìyá rẹ̀ wí. Kò wo ojú rẹ̀.

Ojoojúmọ́ ló ń rí bẹ́ẹ̀. Àwọn méjèèjì ò sọ ọ́ síta.

Ọdún márùndínlọ́gbọ̀n wá pé. Habeebah, tó jẹ́ tíṣà, mú ìwé àdéhùn tọ Oyèkúnlé lọ, ẹni tó jogún ilé lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, pé kó fi ọdún kún un. Oyèkúnlé ka gbólóhùn ìsàlẹ̀ yẹn sókè fáwọn tó jókòó tì í.

"Ẹsẹ̀ Bàrúwà dà? Ṣé kò tíì kúrò ni?"

"Ẹ̀gbọ́n, bàbá mi ló kọ́ òkè yẹn. Ẹ jẹ́ ká ṣe é bó ṣe tọ́."

"Mo béèrè ẹsẹ̀, ò ń sọ ilé fún mi. Tíṣà! Ẹsẹ̀ wà ní Pọ́bẹ̀. Lọ hú u wá, ká wọ̀n ọ́n."

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Omi lé ròrò sójú Habeebah, kò jẹ́ kó bọ́.

"Ìrẹ́jẹ ni."

"Ọjọ́ Alàmísì ni mò ń wá gba kọ́kọ́rọ́ mi."

Ó wá lóòótọ́. Ọkùnrin méjì tẹ̀lé e, ọ̀kan mú hámà, èkejì mú àdá. Wọn ò kanlẹ̀kùn. Hámà ni wọ́n fi wọlé. Oyèkúnlé tẹ́ ìwé kan síwájú Mọ́nsúrátù.

"Ẹ tẹ̀ka síbẹ̀ pé ẹ ti kó jáde."

"Mo pọ̀n ọ́ rí, Oyèkúnlé. Ẹ̀yìn mi yìí lo ń tọ̀ sí."

"Ẹ sọ̀ mí kalẹ̀ nígbà náà."

Ó mi orí sí ẹni tó mú hámà. Hámà bọ́ sí ọrùn ọwọ́ ìyá àgbà náà. Ìró rẹ̀ dà bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ́ igi gbígbẹ. Habeebah fò mọ́ ọkùnrin náà, ó gé e jẹ lápá títí ẹnu rẹ̀ fi kún fún ẹ̀jẹ̀. Ọkùnrin náà gbá orí Habeebah mọ́ ògiri, lẹ́ẹ̀mejì. Eyín kan bọ́ sílẹ̀.

Àwọn tó ń kírun Àìlà ní mọ́sáláṣí ìsàlẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ sálámà parí ni. Ibi gbogbo dákẹ́. Ewúrẹ́ pàápàá ò ké.

Ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè.

Aládàá lọ dí ẹnu ọ̀nà. Ẹsẹ̀ náà gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Kò rí nǹkan kan. Àdá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ fi èèyàn pamọ́!" Oyèkúnlé ṣa àdá náà nílẹ̀, ó sá tẹ̀lé ẹsẹ̀ náà wọ yàrá. Wọ́n gbọ́ tó ń ṣá ilẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan. Ẹ̀ẹ̀mejì. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ìró rẹ̀ yàtọ̀. Ó ké. Ó dákẹ́.

Ó jáde. Ẹsẹ̀ òsì ara rẹ̀ ló ṣá, egungun funfun hàn. Ojú rẹ̀ kò fi hàn pé ó ń dùn ún. Tọ̀tún wúwo. Tòsì ń wọ́ tẹ̀lé e.

Àwọn ọkùnrin rẹ̀ gbá a mú pé kí wọ́n sá lọ. Lẹ́nu ọ̀nà, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì kọ̀. Wọ́n fà á títí awọ àtẹ́lẹsẹ̀ fi bó mọ́ símẹ́ńtì. Wọ́n fi í sílẹ̀, wọ́n sì já lu àtẹ̀gùn.

"Ìwé tẹ́ ẹ fẹ́ kí n fọwọ́ sí dà?" ni Oyèkúnlé wí.

Habeebah di ìwé àdéhùn náà mú. "Màmá, bá a bá gba ìfọwọ́sí lọ́wọ́ ẹni tó wà nínú ẹ̀jẹ̀, kí ló yà wá sọ́tọ̀ sí i?"

"Ọwọ́ mi ló kán, kì í ṣe tìẹ. Fún un!"

Ó fún un. Ọkùnrin náà fọwọ́ sí i. Habeebah já ìborùn rẹ̀, ó fi di ẹsẹ̀ Oyèkúnlé, ó gbé ìyá rẹ̀ lọ sílé ìwòsàn, ó sì sáré tọ Fọláṣadé lọ́yà wọn lọ.

Fọláṣadé wo ìwé náà pẹ́.

"Ta ló fọwọ́ sí i fún onílé?"

"Oyèkúnlé ni. Ojú mi ló ṣe."

"Bàrúwà ni mo rí níbí."

Habeebah wò ó. Orúkọ bàbá rẹ̀ ni, lọ́wọ́ ìkọ̀wé bàbá rẹ̀, B rẹ̀ dà bí nọ́ńbà mẹ́jọ.

"Kò wúlò báyìí," ni Fọláṣadé wí. "Ẹ ò sì kọ iye ọdún síbẹ̀. Ẹ jẹ́ kó tún un ṣe lórúkọ ara rẹ̀."

Nígbà tó padà, àwọn ará àdúgbò kún ìsàlẹ̀ ilé. Wọ́n ní Oyèkúnlé ò tíì sọ̀ kalẹ̀. Kò sẹ́ni tó fẹ́ lọ pè é. Lókè, ẹnì kan ń rìn. Tọ̀tún wúwo, tòsì ń wọ́. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹlòmíràn ń rìn. Tọ̀tún wúwo, tòsì ń wọ́.

Habeebah dúró nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn, ìwé lọ́wọ́ kan, bírò lọ́wọ́ kejì.

"Ẹ̀gbọ́n Oyèkúnlé!"

Àwọn méjèèjì dúró lẹ́ẹ̀kan náà. Ohùn kan dáhùn. Kò mọ ti ta ni.

"Ọdún mélòó lo fẹ́?"